Ọjọ́ Wo Ni Táńkì Yóò Gbẹ? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìṣirò Omi Òjò fún Ọgbà Ẹ̀fọ́

   

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú wá sínú gbọ̀ngàn yìí: bí táńkì omi òjò bá kún lónìí, ṣé a lè mọ ọjọ́ tí yóò gbẹ? Ìdáhùn mi ni pé a lè mọ̀ ọ́n, ìṣirò rẹ̀ kò sì ju agbára ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà yóò sọ nǹkan kan fún wa tí etí wa lè má fẹ́ gbà: iye òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kọ́ ló ń pinnu bóyá ẹ̀fọ́ yóò yè. Iye ọjọ́ tó wà láàárín òjò kan sí èkejì ló ń pinnu rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìbàdàn tí a jókòó sí yìí ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

1. Ohun tí mo ń pè ní àwòṣe, àti ohun tí mo ń pè ní ipele omi

Àwòṣe tí mo ń wí kì í ṣe ère, kì í ṣe àwòrán. Ìṣirò ni, tó ń mú ohun tí a mọ̀ lónìí láti sọ ohun tí yóò wà lọ́la. Ti táńkì kò ju gbólóhùn kan lọ. Omi tí ilẹ̀ òní ṣú bá nínú táńkì ni omi tó wà níbẹ̀ lánàá, tí a ro èyí tó wọlé mọ́, tí a yọ èyí tí a lò àti èyí tó kún dànù kúrò. Òfin méjì ló so ìṣirò náà mọ́lẹ̀: omi kò lè dín ju òdo lọ, kò sì lè ju ibi tí táńkì gbà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin kejì yẹn sọ́kàn. Òun ni yóò tú àṣírí tó kù.

Ipele omi ni gíga omi láti ìsàlẹ̀ táńkì dé ojú omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wò ó bí ẹni pé òun àti iye omi jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ ìrísí táńkì ló ń so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú táńkì oníke dúdú oní-lítà 5,000, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.8 láti etí kan dé èkejì. Nínú irú táńkì bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún nǹkan bíi lítà 25. Bí ẹ bá fa lítà 100 lónìí, ojú omi yóò fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin wálẹ̀. Ọ̀pá tí ẹ fi àmì sí lára tó láti rí i.

Ó tún ku ìyàtọ̀ kan. Omi tó wà nínú táńkì kọ́ ni omi tó ṣeé lò. Àwọn púḿbà wa kì í so ẹnu ẹ̀rọ mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ìdọ̀tí tó bá rọlẹ̀ má baà bá omi jáde, ìwà ọlọ́gbọ́n sì ni. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju ìsàlẹ̀ lọ, nǹkan bíi lítà 380 ni kò ní jáde láéláé. Omi ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbà kò ní rí i. Nítorí náà, táńkì tí a ra gẹ́gẹ́ bí oní-lítà 5,000 jẹ́ oní-lítà 4,620 fún ẹ̀fọ́ wa.

2. Ohun tó ń wọlé

Nígbà tí wọ́n bá sọ lórí rédíò pé òjò rọ̀ tó mìlímítà 20, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí omi òjò yẹn bá dúró lójú ibi tó rọ̀ sí, láìṣàn, láìwọnú ilẹ̀, yóò ga tó mìlímítà 20. Mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan jẹ́ lítà kan gééré. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni n ó máa pè ní sùkúyà mítà kan. Ìbáṣepọ̀ yìí rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yà mí lẹ́nu pé a kì í fi kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ mú ilé tí apá páánù rẹ̀ tó dojú kọ gọ́tà gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 6. Ilẹ̀ tí páánù bò ni ẹ óò wọ̀n, ẹ má wọn dídagun rẹ̀, torí pé òjò kò mọ̀ pé òrùlé yín ga ṣóńṣó. Sùkúyà mítà 60 nìyẹn. Gbogbo omi tó bá sì bọ́ lé páánù kọ́ ló ń dé táńkì. Páánù tí oòrùn ti dáná sí lára yóò mu ẹ̀kán àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ yóò gbé díẹ̀ lọ, gọ́tà tó wọ́ yóò da díẹ̀ sílẹ̀. Fún páánù tó ṣì dára, ẹ ka ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá sí èyí tó ń wọlé. Mìlímítà kan yóò wá jẹ́ lítà 48, òjò mìlímítà 20 yóò sì jẹ́ lítà 960.

Àwọn baba wa kò kọ èyí sílẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ ọ́n lò. Ní agbo ilé àtijọ́ tí òrùlé dagun sí àgbàlá láàárín, àmù àti ìkòkò ni wọ́n ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìyá tó ń gbé àmù síbẹ̀ mọ òjò tó lè kún un àti èyí tí kò lè kún un. Òun náà ní àwòṣe tirẹ̀ lọ́kàn.

3. Ohun tó ń jáde

Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń gba omi lára ewé àti lára ilẹ̀ lójoojúmọ́, mìlímítà náà ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ìwé ìtọ́sọ́nà nọ́ńbà 56 tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, gbé jáde ní 1998 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò láti ṣírò rẹ̀: wọ́n ń wo oòrùn, ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ìyára afẹ́fẹ́, wọ́n á sì fi iye tó bá irú ohun ọ̀gbìn mu sọ ọ́ di púpọ̀. N kò ní kó ìṣirò yẹn jáde níbí, kí n má baà lé yín jáde. Ní Ìbàdàn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mìlímítà 5 lóòjọ́ jẹ́ òdiwọ̀n tó bójú mu fún bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú tó ti bo ilẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, tí ètè wa sì ń bẹ́, ewé náà ń pàdánù omi sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan náà.

Bẹ́ẹ̀dì sùkúyà mítà 20 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 5 tó fẹ̀ ní mítà kan. Mìlímítà 5 lórí 20 jẹ́ lítà 100 lóòjọ́, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20 márùn-ún. Bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, ilẹ̀ tó dára yóò fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pa mọ́ fún gbòǹgbò, a ó sì lè fi ọwọ́ sẹ́yìn fún ọjọ́ mẹ́rin láìbomi rin ín.

Ní ti omi tí oòrùn ń fà nínú táńkì, bí a bá bò ó dáadáa, kò tó ohun tí à ń kà. Àmọ́ dúrọ́ọ̀mù tí a ṣí sílẹ̀ ń pàdánù omi, ó sì ń sin ẹ̀fọn fún gbogbo àdúgbò. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó.

4. Bí ìṣirò ọdún ṣe ń tan wá jẹ

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún sábà máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200 tàbí kí ó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 48 sọ 1,200 di púpọ̀: lítà 57,600. Lítà 100 lóòjọ́ fún ọjọ́ 365 jẹ́ lítà 36,500. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní omi pọ̀ ju ohun tí ọgbà fẹ́ lọ, kí á kàn ra táńkì, kí á máa jó. Ẹni tó ń ta táńkì náà yóò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n san owó ọdún kan fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù Òkúdù, tí àpò rẹ̀ kò sì gbà ju owó oṣù kan ààbọ̀ lọ. Ìyókù já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe pé wọn kò san owó fún un o, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìyàwó rẹ̀ kò ní fi ìwé ìsanwó se ọbẹ̀.

Òjò Ìbàdàn kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Àkọ́rọ̀ ń bọ̀ ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà. Òjò ń lágbára títí dé Òkúdù, ó ń sinmi díẹ̀ láàárín ìparí Agẹmọ àti oṣù Ògún, ó tún ń padà pẹ̀lú agbára ní Ọ̀wẹ́wẹ̀, àrọ̀kúrò á sì parí ní Ọ̀wàrà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Bélú. Mìlímítà 104 péré ti tó láti kún táńkì wa láti òfìfo, oṣù Òkúdù nìkan sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó kù ń gba páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ jáde. Oṣù tí táńkì ń kún dànù yẹn gan-an ni bẹ́ẹ̀dì kò nílò omi rẹ̀, torí òjò kan náà ti rin ín. Omi àti àìní kò bá ara wọn pàdé.

Ẹnjiníà kan, Wenzel Rippl, ti kọ̀wé lórí èyí ní 1883, nígbà tó ń wádìí bí adágún omi ìlú ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ó ní kí á máa ro omi tó ń wọlé pọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, kí á máa ro omi tí à ń fẹ́ pọ̀ bákan náà, kí á wá wo ibi tí èkejì ti fi ìkínní sílẹ̀ sẹ́yìn jù lọ. Àlàfo yẹn ni ìwọ̀n ibi ìpamọ́ tí a nílò. Ẹ ṣàkíyèsí pé àròpọ̀ ọdún kò sí nínú ìdáhùn Rippl rárá. Àlàfo ló wà níbẹ̀.

5. Ìṣirò ọjọ́ dé ọjọ́

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀nà Rippl wo ẹ̀ẹ̀rùn wa. Ká ní táńkì kún fọ́fọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà, kí òjò má sì rọ̀ mọ́. A ó máa fa lítà 100 lójoojúmọ́ láti ọjọ́ kìíní Bélú. Lítà 4,620 tó ṣeé lò yóò gbé wa fún ọjọ́ 46. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀pẹ, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́. Bí àkọ́rọ̀ bá dé ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà, ọjọ́ 88 ni bẹ́ẹ̀dì yóò fi wo ojú wa. Kérésìmesì ọdún yẹn gan-an, a ó máa ra ẹ̀fọ́ lọ́jà.

Kí ni ìbá gbé wa dé Ẹrẹ́nà? Ọjọ́ 134 ni ẹ̀ẹ̀rùn náà. Lítà 13,400 ni, ìyẹn táńkì mẹ́ta irú èyí. Bí a kò bá sì lè ju ẹyọ kan lọ, lítà 34 lóòjọ́ ni yóò lè fún wa, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò sì ní ju sùkúyà mítà 7 lọ. Ẹni tó fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ lè dín àìní kù. Bí ó bá lè mú un wá sí mìlímítà 3 lóòjọ́, lítà 60 ni bẹ́ẹ̀dì sùkúyà mítà 20 yóò máa mu, táńkì kan náà yóò sì dé ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Oṣù kan gbáko ni koríko yẹn rà fún un, láìná kọ́bọ̀.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ká ní òjò mìlímítà 20 kan ṣoṣo rọ̀ lẹ́yìn tí a ti rò pé òjò ti lọ. Bí ó bá rọ̀ ní ọjọ́ 5 Bélú, lítà 400 péré la tíì fà. Lítà 960 ń bọ̀, àyè 400 ló wà, 560 á ṣàn lọ sójú gọ́tà àdúgbò. A ó sinmi ọjọ́ mẹ́rin torí ilẹ̀ tútù, táńkì yóò sì gbẹ ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n bí òjò kan náà bá rọ̀ ní ọjọ́ 25 Bélú, a ti fa lítà 2,400, àyè sì pọ̀. Gbogbo 960 yóò wọlé, ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ ni táńkì yóò tó gbẹ. Òjò kan náà, páánù kan náà, táńkì kan náà, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi yàtọ̀. Bí ẹ bá ro òjò ọdún yẹn pọ̀, àròpọ̀ rẹ̀ kò yí padà rárá. Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn pé iye òjò ọdún ló ń pinnu, kí ó fi èyí sí àwíjàre rẹ̀.

Oṣù náà lè tan ni jẹ bí ọdún ṣe ń tan ni. Ká ní mìlímítà 120 rọ̀ ní oṣù Igbé: lítà 5,760 wọlé, lítà 3,000 jáde, ìwé oṣù sọ pé èrè ni. Àmọ́ bí òjò náà bá wá ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì wà láàárín ti ìkínní àti ti ìkejì, táńkì tí kò tíì ní ju lítà 500 tó ṣeé lò yóò gbẹ ní ọjọ́ karùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin irè nítorí àkọ́rọ̀, tí oòrùn sì pa á, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí á máa ṣírò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á rìn jìnnà díẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí ilẹ̀ tí wọ́n yá ní Lọ́ńdọ̀nù ń gba nǹkan bíi mìlímítà 600 lọ́dún, ìdajì tiwa. Ṣùgbọ́n òjò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ara rẹ̀ dọ́gba láti oṣù dé oṣù, oòrùn wọn kò sì le tó tiwa. Táńkì kékeré ń tó wọn, torí kí ó tó gbẹ ni òjò mìíràn sábà ń dé. Ní 2022 tí àlàfo náà gùn sí i, tí òjò kọ̀ láti rọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Agẹmọ, wọ́n fi òfin de fífi róbà bomi rin ọgbà ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù tó tẹ̀lé e.

6. Ẹnu ẹ̀rọ kì í sọ òtítọ́

Mo ti ń sọ lítà 100 lóòjọ́ bí ẹni pé ó rọrùn láti fà á. Ẹni tó ń lo kẹ́ẹ̀gì lè kà á. Ẹni tó ń lo róbà oníhò wẹ́wẹ́, tó ń ṣí ẹ̀rọ fún ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ tó sì ń tì í, kò mọ ohun tó ń fà. Torricelli, ará Ítálì, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1644: bí omi ṣe ń yára jáde lẹ́nu ihò ń tẹ̀lé gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì gíga omi tó wà lókè ihò náà. Nígbà tí táńkì wa kún, omi fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 180 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Nígbà tó bá ku 45, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyára rẹ̀ ti já sí ìdajì. Ogún ìṣẹ́jú kan náà, ìdajì omi. Róbà gígùn yóò tún yí òfin náà díẹ̀, àmọ́ ibi kan náà ló ń darí sí.

Ohun tó ń tìdí èyí yọ ni pé oníróbà ń fún ẹ̀fọ́ lómi jù ní ìbẹ̀rẹ̀ Bélú, ó sì ń fi òùngbẹ pa á ní ìparí, nígbà tí òun rò pé ohun kan náà lòun ń ṣe. Nínú àwòṣe, ẹ kọ lítà sílẹ̀, ẹ má kọ ìṣẹ́jú.

7. Kí á fi ọ̀pá bá ìṣirò wí

Àwòṣe tí a kò fi ojú rí àbájáde rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àbá. Ẹ wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ gbé e síta níbi tí igi àti ògiri kò bò, kí ẹ máa fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ wọn ipele táńkì láàárọ̀. Bí mìlímítà 20 bá rọ̀ tí ojú omi sì gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 32, lítà 800 ló wọlé. Òjò tó bọ́ lé páánù jẹ́ 1,200. Ìdá mẹ́jọ kọ́ lẹ ń gbà nínú mẹ́wàá mọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdá mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ gun àkàbà lọ wo gọ́tà. Bí ojú omi bá sì wálẹ̀ lóru tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ẹ̀rọ, ẹ pe púḿbà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

8. Ìdájọ́

Ní Ìbàdàn, fún bẹ́ẹ̀dì sùkúyà mítà 20, táńkì oní-lítà 5,000 kan kì í ṣe táńkì ẹ̀ẹ̀rùn. N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti wúlò gidi ni àlàfo kúkúrú: ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé àkọ́rọ̀, ìsinmi òjò inú oṣù Ògún, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àrọ̀kúrò. Bí ìsinmi inú oṣù Ògún bá gba ogún ọjọ́, lítà 2,000 ni yóò mu, táńkì wa ní ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ ọgbà rẹ̀ ní oṣù Èrèlé ní ọ̀nà méjì: kí ó ra táńkì mẹ́ta, tàbí kí ó dín bẹ́ẹ̀dì kù sí sùkúyà mítà 7 láti ìbẹ̀rẹ̀ Bélú, kí ó fi koríko bo ilẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ìyókù sinmi. Bí owó kò bá tó táńkì mẹ́ta, èkejì ni mo máa yàn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí olúkúlùkù ra ìwé kékeré kan. Láti ọjọ́ kìíní Bélú, ẹ kọ ọjọ́, òjò inú agolo, ipele omi, àti iye kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fà. Nígbà tí àkọ́rọ̀ bá dé, ẹ kó àwọn ìwé náà wá sí gbọ̀ngàn yìí, kí á fi tiyín yẹ ìṣirò mi wò.